Súwéèdì Aláwọ̀ Eérú

Láàárín ilé ìtẹ̀wé méjì ní òpópónà Bajulaiye, ní Ṣómólú, ni ṣọ́ọ̀bù Ràmọ́nù onísíìtì wà. Láti àárọ̀ títí oòrùn fi máa wọ̀, ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé á máa gba ọ̀tún wọlé bá a, á máa gba òsì wọlé bá a, débi pé tí wọ́n bá mú iná lọ, tí gbogbo ẹ̀rọ dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ńṣe ni etí rẹ̀ máa ń hó. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni nígbà tó kọ́kọ́ dé Ṣómólú. Irun rẹ̀ ti ń funfun báyìí, iṣẹ́ kan náà ló sì ń ṣe látọjọ́ náà: kó yọ síìtì mọ́tò tó ti ya, kó gé aṣọ tàbí lẹ́dà tuntun, kó rán an, kó fi bò ó, kó dá a padà sáyè rẹ̀.

Waliyat, ìyàwó rẹ̀, ti lọ sí Àbújá lọ́dọ̀ Fareedah ọmọ wọn, láti lọ bá a tọ́jú ìkókó. Ìkókó ọjọ́ náà ti ń sáré kiri ilé, Waliyat kò tíì padà. Kì í ṣe pé wọ́n jà. Ọmọ kejì ló dé kí wọ́n tó gba ọmú lẹ́nu àkọ́kọ́, Fareedah ń lọ síbi iṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó máa dúró ti àwọn ọmọ. Tí Waliyat bá pè, á ní, "Bàbá Fareedah, ṣé ẹ ti jẹun?" Ràmọ́nù á ní òun ti jẹun. Á bi í bóyá iná wà. Ràmọ́nù á ní ó wà, tàbí kó ní kò sí. Wọn á gbé fóònù sétí àwọn ọmọ, àwọn ọmọ á kígbe, "Bàbá àgbà," wọn á sá lọ, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi Ràmọ́nù bí ara rẹ̀ ṣe rí, á ní ó kàn rẹ òun díẹ̀ ni. Orúkọ tó fún nǹkan tó ń ṣe é nìyẹn.

Ní Ọjọ́rú kan nígbà ọyẹ́, obìnrin kan wa mọ́tò dúdú kan wọ àdúgbò náà jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń wà á lórí ẹyin. Ó pẹ́ kó tó rí mọ́tò náà gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, Ràmọ́nù rí i pé ó ju òun lọ lọ́jọ́ orí. Ó wé gèlè kékeré, ó wọ awò ojú, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn mọ́tò bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ lójú oorun.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin ni Ọ̀gá Ràmọ́nù?"

"Èmi ni, mà. Ẹ káàbọ̀, mà."

"Wọ́n júwe yín fún mi. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi ya gbogbo aṣọ inú mọ́tò yìí dànù, kẹ́ ẹ fi lẹ́dà sí i."

Ràmọ́nù ṣí ilẹ̀kùn, ó bẹ̀rẹ̀ wo inú rẹ̀. Súwéèdì aláwọ̀ eérú ni wọ́n fi bo gbogbo rẹ̀: síìtì, ara ilẹ̀kùn, títí kan sítíárìn. Síìtì ẹ̀yìn dà bí ẹni pé àná ni wọ́n gbé e dé. Ṣùgbọ́n síìtì awakọ̀ ti dúdú, ó ti lẹ̀ mọ́lẹ̀, ibi ìgbórílé rẹ̀ sì ń dán bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ràmọ́nù fi ọwọ́ pa á. Ọwọ́ rẹ̀ yọ̀.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ ya á, mà?"

"Àwọn tó ń fọ mọ́tò létí títì ní Onípáànù. Wọ́n ní ó ti kú. Wọ́n kọ́kọ́ fi ìpara kan pa á kó lè rọ̀, àtìgbà yẹn ló ti wá ń dán báyìí."

"Kò kú, mà. Ìpara lẹ́dà ni wọ́n fi pa ohun tí kì í ṣe lẹ́dà." Ó tún fi ọwọ́ pa ibẹ̀. "Súwéèdì yìí kì í ṣe awọ ẹran. Òwú tó tín-ín-rín ju irun orí lọ ni wọ́n fi ẹ̀rọ hun mọ́ra títí tó fi dà bí awọ. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń pẹ́. Bí èèyàn bá tọ́jú rẹ̀, ẹ́ńjìnnì lè dẹnu kọlẹ̀ kí súwéèdì ṣì wà níbẹ̀. Nǹkan tó máa ń bá a jà ni òógùn àti òróró ara èèyàn. Òróró ló so irun rẹ̀ pọ̀ mọ́ra. Ẹ jẹ́ n fọ̀ ọ́ wò ná. Tí kò bá jí, ká wá sọ̀rọ̀ lẹ́dà."

Obìnrin náà wo ibi ìgbórílé tó ń dán náà. "Ọkọ mi ló máa ń jókòó síbẹ̀," ó ní. "Wọn kì í jáde láìfi òróró àgbọn sórí."

Ràmọ́nù gbọ́ bó ṣe sọ ọ́, ó mọ̀ pé ọkùnrin náà ti kú. "Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, mà," ó ní.

"Àmín. Olúmúyìwá ni wọ́n ń jẹ́. Èmi ni Oyèbísí."

Bó ṣe jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù nìyẹn, tó ń wò ó. Ràmọ́nù kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn eruku. Ó po ọṣẹ díẹ̀ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ó rẹ aṣọ funfun sí i, ó fún un títí omi kankan kò fi kán mọ́, ó wá ń fi nu síìtì náà láì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Aṣọ náà dúdú. Ó ṣàn án, ó fún un, ó tún nù ún. Oyèbísí bi í ìdí tí kò fi da omi sí i kó fọ̀ ọ́ dáadáa. Ràmọ́nù ní bí omi bá wọ ibi gọ́ọ̀mù tó wà lábẹ́ aṣọ, gbogbo rẹ̀ á wú. Ó bi í ìdí tó fi jẹ́ aṣọ funfun. Ó ní aṣọ aláwọ̀ lè ṣí sí i lára.

"Nọ́ọ̀sì ni mí," Oyèbísí ní. "Agbẹ̀bí. Mo ti fẹ̀yìn tì. Bí a ṣe ń nu ara ọmọ tuntun náà lẹ ṣe ń nù ún yẹn."

Wọ́n ṣí gbogbo ilẹ̀kùn mọ́tò náà lábẹ́ ibòòji kí atẹ́gùn lè fẹ́ ẹ gbẹ. Ó gbẹ tán, Ràmọ́nù mú búrọ́ọ̀ṣì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé irun rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀, àwọ̀ eérú náà sì ń padà wá. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló padà. Ibi ìgbórílé ṣì ṣú díẹ̀ ju ìyókù lọ. Oyèbísí wọlé jókòó síbi tí ọkọ rẹ̀ máa ń jókòó, ó fi ìka kọ nǹkan kan sára súwéèdì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ pa á rẹ́. Ràmọ́nù yíjú síbòmíràn.

"Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," Oyèbísí ní. "Mi ò ṣe lẹ́dà mọ́."

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ní Ọjọ́rú, ó tún dé. Ó ní eruku ọyẹ́ ti pọ̀ lára rẹ̀. Eruku pọ̀ lóòótọ́, gbogbo Èkó ló kún fún un. Ràmọ́nù gbọ̀n ọ́n, ó sì fẹ́ kọ́ ọ bí yóò ṣe máa ṣe é fúnra rẹ̀ nílé. Oyèbísí ní ọwọ́ òun kò lè dà bí tiẹ̀. Ọjọ́rú mìíràn, ara ilẹ̀kùn ló ní kó bá òun wò. Nígbà tó yá, kò tún wí nǹkan kan mọ́. Á gbé mọ́tò síbẹ̀, á mú fúláàsì tíì rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, á jókòó. Nígbà mìíràn á gbé ọ̀jọ̀jọ̀ dání, á ní òun kò mọ bí èèyàn ṣe ń din ti ẹni kan ṣoṣo, pé ó máa ń pọ̀ ju òun lọ. Ràmọ́nù rán tìmùtìmù kan láti inú àjákù lẹ́dà, ó fi sórí bẹ́ǹṣì. Kò sọ pé ó tìtorí ẹnikẹ́ni.

Wọ́n máa ń sọ̀rọ̀. Oyèbísí á sọ nípa Ògbómọ̀ṣọ́ níbi tí wọ́n bí i, nípa ilé ìjọsìn Onítẹ̀bọmi tí bàbá rẹ̀ ti jẹ́ díákónì, nípa àwọn ọmọ tó gbẹ̀bí wọn tí wọ́n ti di bàbá ọmọ, tí wọn kì í sì í mọ̀ ọ́n lójú pópó. Ọmọ méjì ló bí, wọ́n wà lókè òkun. Ràmọ́nù á sọ nípa òfì tí bàbá rẹ̀ ń hun ní Ìsẹ́yìn, bí ẹsẹ̀ òun kò ṣe gùn tó láti tẹ igi òfì nígbà tóun kọ́kọ́ ń kọ́ ọ. Ó bọ́ sọ́jọ́ kan tó ń sọ nǹkan tí kò sọ fún Waliyat rí, pé nígbà tóun dé Èkó, òun sunkún lórí ẹní lálaalẹ́ fún odindi ẹ̀ẹ̀rùn kan. Oyèbísí kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Èkó le fún ọmọdé. Ó tún wá le fún àgbà."

Fadékẹ́, obìnrin tó ń di ìwé ní ilé ìtẹ̀wé apá ọ̀tún, máa ń kí wọn láti ojú fèrèsé rẹ̀. "Ẹ kú ìjókòó o," á wí, á sì padà sídìí ìwé rẹ̀.

Ní Ọjọ́rú kan, Oyèbísí dé, ó ní tíì ti dà sórí síìtì ẹ̀yìn. Ràmọ́nù wò ó. Tíì oníwàrà ni, ó sì tóbi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún láti etí bọ̀ sí àárín kó má baà tàn kálẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, tíì tún dà síbẹ̀. Ó yà á lẹ́nu díẹ̀, nítorí Oyèbísí nìkan ló ń wa mọ́tò náà, iwájú ló sì máa ń jókòó. Kò bi í. Ó nù ún, ó gbẹ, ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbé e dìde.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bẹ̀rẹ̀, Ràmọ́nù ń fọwọ́ pa síìtì awakọ̀ lọ́jọ́ kan, ó sì rí àwọn kókó wẹ́wẹ́ bí èyí tó máa ń hù lára súwẹ́tà tó ti gbó. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó lójú dáadáa. Irun súwéèdì náà ti ń já. Kì í ṣe pé ìjókòó pọ̀ lórí rẹ̀. Ìfọ̀ ló pọ̀. Omi òun, ọṣẹ òun, búrọ́ọ̀ṣì òun, lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Ọkàn rẹ̀ kò lélẹ̀. Ó ronú nípa owó tó ń gbà lọ́wọ́ obìnrin yìí, tó jẹ́ pé òun gan-an ló wá ń ba nǹkan rẹ̀ jẹ́. Ó nu ọwọ́, ó lọ dúró níwájú bẹ́ǹṣì.

"Mà, mo ní láti sọ òótọ́ fún yín. À ń fọ síìtì yìí jù. Ẹ wá wò ó, ó ti ń ta kókó. Súwéèdì yìí kò fẹ́ omi lemọ́lemọ́. Gbígbọn eruku ti tó o, èyí tẹ́ ẹ lè ṣe nílé. Kẹ́ ẹ máa pa á mọ́ fún oòrùn, kẹ́ ẹ má fi báàgì oníṣíìpù ha á. Ní ti ìfọ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ti tó."

"Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún," Oyèbísí ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mi ò ní lè máa gbowó yín lásán."

Oyèbísí wo mọ́tò náà. Ó wo ife tíì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó da èyí tó kù síbẹ̀ sílẹ̀, ó dé fúláàsì. "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ fún mi," ó ní. "Ẹlòmíràn kò ní sọ ọ́." Ó dìde, ó tún ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, ó kí Fadékẹ́ lójú fèrèsé, ó sì wa mọ́tò rẹ̀ lọ jẹ́jẹ́ bó ṣe máa ń wà á. Inú Ràmọ́nù dùn pé òun ṣe ohun tó tọ́.

Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, ó gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù, ó fi omi wọ́n ilẹ̀, ó nu tìmùtìmù orí bẹ́ǹṣì. Ìgbà tó nù ún tán ló rántí pé kò sẹ́ni tó ń bọ̀. Ó wọlé lọ sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ìyẹn ni pé ó ń gbá ilẹ̀, á sì rántí. Àwọn oníbàárà mìíràn ń wá. Wọ́n á ju kọ́kọ́rọ́ sí i, wọ́n á ní àwọn ń padà bọ̀ lọ́sàn-án, wọ́n á lọ. Bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ náà nìyẹn, kó tó di pé ẹnì kan ń jókòó. Ṣùgbọ́n tẹ́lẹ̀ kì í ká a lára.

Fadékẹ́ wá bi í lọ́jọ́ kan tí kò síná. "Ọ̀gá, màmá onímọ́tò dúdú yẹn ńkọ́? Ó tó ọjọ́ mẹ́ta o."

Ràmọ́nù ṣàlàyé fún un: súwéèdì, kókó, ìfọ̀ tó pọ̀ jù, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Fadékẹ́ gbọ́ ọ tán, ó ń fi gọ́ọ̀mù tó gbẹ sí i lọ́wọ́ ṣeré.

"Ẹ lé e nìyẹn," ó ní.

"Mi ò lé e. Òótọ́ ni mo sọ fún un."

"Òótọ́ ni, sà. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ rò pé síìtì ló ń gbé màmá yẹn jáde nílé?"

Ìgbà tí Fadékẹ́ lọ tán ni Ràmọ́nù rántí tíì tó dà sórí síìtì ẹ̀yìn tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó sí. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì fúnra rẹ̀. Nǹkan tó wá gbà á lọ́kàn kì í ṣe pé obìnrin náà mọ̀ọ́mọ̀ da tíì. Òun fúnra rẹ̀ ti mọ̀ látọjọ́ kejì tí tíì dà pé ẹni tó dà á mọ ohun tó ń ṣe, òun sì dákẹ́, nítorí òun náà kò fẹ́ kó tán.

Nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí fóònù. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó pa á kó tó dún. Kí ni yóò sọ? Ọkùnrin oníyàwó, oníṣẹ́ ọwọ́, tó ń pe opó láìnídìí. Òjò ń rọ̀, ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Nígbà tó wá ṣe, ó ra búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tuntun kan, ó wé e sínú bébà, ó sì fẹsẹ̀ rìn lọ sí Palmgrove lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan. Oyèbísí ti sọ fún un rí pé ilé àwọn ni géètì aláwọ̀ ewé kan ṣoṣo ní òpópónà náà, tí igi fúrúùtù wà níwájú rẹ̀. Kò ṣòro láti rí.

Oyèbísí fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ó ti rù sí i. Ó wo Ràmọ́nù, ó wo bébà ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ mà rántí mi," ó ní.

"Mo ní kí n wá wo síìtì, mà. Mo mú búrọ́ọ̀ṣì wá fún yín."

Mọ́tò náà wà lábẹ́ tapólì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Wọ́n jọ ká tapólì náà kúrò. Nígbà tí Ràmọ́nù ṣílẹ̀kùn, òórùn ọ̀rinrin jáde lù ú nímú. Nǹkan funfun bí èlùbọ́ ti bu sára síìtì, sára ilẹ̀kùn, àní sára sítíárìn. Wọ́n ti ti gíláàsì pa látìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ ò ṣí i, mà? Ẹ ò wà á rárá?"

"Níbo ni mo fẹ́ wà á lọ?"

Ó sọ ọ́ láìbínú, bí ẹni tó ń dáhùn ìbéèrè lásán. Ràmọ́nù bẹ̀rẹ̀ sí í ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ṣùgbọ́n Oyèbísí gba búrọ́ọ̀ṣì náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ jókòó," ó ní. "Mo ti wò yín tó."

Ó gbé àga kan wá fún un sábẹ́ igi fúrúùtù. Ó ṣí gbogbo ilẹ̀kùn mọ́tò, ó fi aṣọ bo imú, ó gbọn èébu náà dànù pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì, ó lọ po ọtí kíkan mọ́ omi díẹ̀, ó rẹ aṣọ funfun sí i, ó fún un títí ó fi gbẹ fẹ́rẹ̀ẹ́, ó ń fi nù ún lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀. Kò gbàgbé ohun kan. Ràmọ́nù jókòó, ó ń wò ó, ó sì wá yé e bí ara ṣe máa ń tu èèyàn tó bá jókòó ti ẹni tó ń ṣiṣẹ́.

"Ẹ mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń jókòó lẹ́yìn," Oyèbísí ní, kò gbójú sókè.

"Mo mọ̀, mà."

"Ẹ ò sì sọ̀rọ̀."

"Kí ni ǹ bá sọ?"

Oyèbísí rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ṣan aṣọ náà.

"Tí mi ò bá ti wí nǹkan kan lọ́jọ́ kókó yẹn," Ràmọ́nù ní, "ẹ̀ bá ṣì máa wá."

"Ká ní ẹ dákẹ́, tí mo sì wá mọ̀ tó bá yá pé ẹ kàn ń gbowó mi, ìyẹn ni ì bá dùn mí." Ó tún rẹ aṣọ náà sínú omi. "Èmi náà ti lé èèyàn sílé rí. Àwọn ìyá ọlọ́mọ tára wọn ti yá, tí wọn ò fẹ́ kúrò ní wọ́ọ̀dù. Wọ́n á ní ìdí ń ro àwọn, wọ́n á ní orí ń fọ́ àwọn. Màá yẹ̀ wọ́n wò, màá ní kò sí nǹkan kan, ẹ máa lọ. Mo rò pé bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ń fẹ́."

Ó nu ibi ìgbórílé ọkọ rẹ̀ kẹ́yìn. Ó wá sọ fún Ràmọ́nù pé òun ti fẹnu kò pẹ̀lú àwọn ọmọ òun. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì máa ra mọ́tò náà, òun sì ń padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ bá àbúrò òun obìnrin, tí òun náà ń dá nìkan gbé inú ilé bàbá wọn.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀, mà," Ràmọ́nù ní. Ó dáa lóòótọ́. Ó gbìyànjú kó hàn lójú òun pé ó dáa.

Oyèbísí bu ọ̀jọ̀jọ̀ fún un. Wọ́n jẹ ẹ́ lábẹ́ igi nígbà tí mọ́tò ń gbẹ, wọ́n sì sọ̀rọ̀ títí oòrùn fi rọlẹ̀. Nígbà tí Ràmọ́nù ń lọ, Oyèbísí sìn ín dé géètì, ó ní, "Ẹ gbàdúrà fún mi, Ọ̀gá Ràmọ́nù." Ràmọ́nù ní kó gbàdúrà fún òun náà.

Oyèbísí pè é nígbà tó gúnlẹ̀ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ó tún pè nígbà tí wọ́n ń jẹ iṣu tuntun. Ohùn àbúrò rẹ̀ ń dún lẹ́yìn, àwọn méjèèjì ń jiyàn lórí iyọ̀ ọbẹ̀, ìpè náà kò sì gùn. Ràmọ́nù gbé fóònù sílẹ̀, inú rẹ̀ dùn fún un, ilé rẹ̀ sì dákẹ́ ju ti àná lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, ó lọ sí etí ọ̀sà ní Bàrígà, níbi tí àwọn Ìlàjẹ ti ń já ẹja sílẹ̀. Ó fẹ́ràn ibẹ̀ nítorí pé ariwo ibẹ̀ kì í ṣe ti ẹ̀rọ. Ó dúró níwájú obìnrin kan tó tẹ́ ẹja sórí páànù, ó mú ẹyọ kan.

"Ṣé yóò tó ilé yín, sà?" obìnrin náà bi í. Ohùn Ìlàjẹ ṣì wà nínú Yorùbá rẹ̀. "Ìyàwó yín á ní kí lẹ rà."

"Ìyàwó mi ò sí nílé."

"Ó rìnrìn àjò?"

"Ó rìnrìn àjò," Ràmọ́nù ní, ó sì gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí létí òun fúnra rẹ̀. Ó gba ẹja, ó rìn lọ síbi tí wọ́n so àwọn ọkọ̀ ojú omi mọ́, ó jókòó sórí ọkọ̀ kan tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, ó sì pe Àbújá.

"Bàbá Fareedah, ṣé kò sí o? Ṣé ẹ ti jẹun?"

"Mi ò tíì jẹun. Ìyá Fareedah, ìgbà wo lò ń bọ̀ wálé?"

Ràmọ́nù ń gbọ́ ohùn ọmọdé àti ohùn tẹlifíṣàn.

"Ṣé nǹkan ṣe yín ni?"

"Kò sí nǹkan tó ṣe mí. Mo kàn ń bi ọ́ ni."

"Ẹ ò bi mí rí," Waliyat ní. "Látìgbà tí mo ti wá, ẹ ò bi mí lẹ́ẹ̀kan. Mo rò pé ó ti mọ́ yín lára."

"Kò mọ́ mi lára."

Ọmọ kan ń sunkún níbẹ̀. Waliyat sọ fún un pé kó dúró. Ó pa dà sídìí fóònù, ohùn rẹ̀ sì ti yí díẹ̀. Ó ní òun máa bá Fareedah sọ ọ́, pé bóyá bí wọ́n bá rí ẹni tó lè máa dúró ti àwọn ọmọ, òun á wá kí oṣù Ramadan tó wọlé. Kò dájọ́. Ràmọ́nù ní ó dáa, òun gbọ́.

Wọn kò tètè pa fóònù. Waliyat bi í ohun tó fẹ́ sè. Ó ní ẹja ni, òun ò sì mọ bí òun ṣe máa yọ ìfun rẹ̀ dáadáa. Waliyat bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún un, láti ìdí ìrù wá sí orí, Ràmọ́nù sì jókòó sórí ọkọ̀ náà pẹ̀lú ẹja nínú ọ̀rá lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń gbọ́.